Iná tí kò rí ẹnu jáde

Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí Kẹmta ní Abẹ́òkúta tí kò mọ òkúta. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó wà lábẹ́ fèrèsé, ó yọrí sáàárín ọ̀nà tí mọ́tò fi ní láti yà fún un. Àwọn ìyá wa ń sá láfún lé e lórí, àwọn ọmọdé ń jókòó lé e ṣeré. Bíríkìlà tó bá gba iṣẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé kí òun tó gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà, ó ṣeé ṣe kí dígà òun ti kan orí àpáta. Nítorí pé a bí wa bá a, a kì í béèrè ibi tó ti wá. Bẹ́ẹ̀ òkúta yìí ti yọ́ rí. Ó ti ṣàn nínú ilẹ̀ rí, nígbà tó gbóná débi pé irin tí wọ́n bá kì bọ̀ ọ́ yóò pọ́n yòò.

Àwọn ọmọ ilé ìwé tí olùkọ́ wọn bá ti fi àwòrán òkè ayọnáyèéfín hàn sábà máa ń béèrè ohun kan náà: ṣé àpáta Olúmọ náà lè bú gbàù lọ́jọ́ kan? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kó rí ìdáhùn gidi. Kò lè bú. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lóye ìdí rẹ̀, ó ní láti mọ ohun tó ń yọ́ òkúta, ohun tó ń gbé e jáde níbì kan, àti ohun tó ń dá a dúró sínú ilẹ̀ níbòmíràn. Òkè ayọnáyèéfín àti àpáta Ẹ̀gbá, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀kan rí ẹnu jáde, èkejì kò rí.

Láti ibi tí ẹsẹ̀ wa tẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé tó nǹkan bíi 6,370 kìlómítà. Èèpo ilẹ̀ tí gbogbo wa ń gbé lórí rẹ̀ kò tó nǹkan nínú ìyẹn. Lábẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ bíi tiwa, ó máa ń nípọn tó kìlómítà 30 sí 40. Lábẹ́ òkun, kì í sábà ju kìlómítà 10 lọ. Ìpele ńlá tó wà lábẹ́ èèpo yìí, tí ó lọ sísàlẹ̀ dé nǹkan bíi 2,900 kìlómítà, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní mantle. Lábẹ́ ìyẹn ni irin yíyọ́ wà, irin líle sì wà ní àárín pátápátá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkun iná ló wà lábẹ́ ilẹ̀ àti pé ńṣe ni àwa léfòó lórí rẹ̀. Ìwé ọmọdé mìíràn tilẹ̀ yàwòrán rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí i, nítorí àṣìṣe tí ọmọ bá kọ́ kọ́kọ́ kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Mantle gbóná lóòótọ́, ó lé ní digirí 1,000 lórí ìwọ̀n Celsius ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síbẹ̀ òkúta líle ni. Ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ni kò jẹ́ kó yọ́: òkúta ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé kò ráyè tú ká. Ooru nìkan kò tó láti sọ òkúta di ohun tó ń ṣàn. Kódà nínú èèpo ilẹ̀ pàápàá, bí a bá ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ, ooru ń lé ní nǹkan bíi digirí 25 sí 30 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pọ̀ ibi láyé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń sun ní Ìkógòsì ní Èkìtì, ooru inú ilẹ̀ yìí ló ń gbé jáde. Omi òjò ló gba ibi tí àpáta ti sán wọlẹ̀ lọ jìnnà, ó móoru níbẹ̀, ó sì padà wá sókè. Kò sí òkè ayọnáyèéfín kankan lábẹ́ Ìkógòsì.

Nítorí náà, nǹkan kan ní láti yí padà kí òkúta tó yọ́. Òkúta inú mantle máa ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lọ́ra gan-an. Bí apá kan nínú rẹ̀ bá ń gòkè bọ̀, ẹrù orí rẹ̀ á máa fúyẹ́, bó bá sì súnmọ́ òkè tó, díẹ̀ nínú rẹ̀ á yọ́. Èyí ló ń ṣẹlẹ̀ níbi tí èèpo ilẹ̀ bá ti ń fà ya, bí i ti ìlà oòrùn Áfríkà láti Ethiopia dé Tanzania, níbi tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀ sí.

Omi náà ń yọ́ òkúta, èyí tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu nítorí pé omi ni wọ́n mọ̀ pé ó ń pa iná. Èèpo ilẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ó pín sí awẹ́ ńláńlá tí wọ́n ń rìn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ́dún. Níbi tí awẹ́ kan bá ti ń wọ abẹ́ èkejì, bó ṣe rí yí ká òkun Pàsífíìkì, omi tó ti há sínú òkúta rẹ̀ á bá a lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí ooru bá lé omi náà jáde, yóò wọ inú mantle tó wà lókè rẹ̀, òkúta tó bá sì ti gba omi kò nílò ooru tó pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ kó tó yọ́. Ìdí nìyẹn tí Japan, Indonéṣíà, Filipínì àti Chile fi kún fún òkè ayọnáyèéfín. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ méjì lè kọlu ara wọn kí èèpo di ìlọ́po, kí ìsàlẹ̀ èèpo náà sì wọ inú ooru débi pé òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ẹ fi èyí tó kẹ́yìn yìí sọ́kàn, nítorí òun ló kan àwa.

Òkúta yíyọ́ tó wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mágímà. Ó fúyẹ́ ju òkúta líle tó yí i ká lọ, nítorí náà ó ń wá ọ̀nà gòkè, á máa gba ojú sísán àpáta, á sì kóra jọ síbi tó bá ti ráyè. Omi àti gáàsì wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ wà. Ẹ mú ìgò mínírà kan tí wọn kò tíì ṣí, kí ẹ mì í. Níwọ̀n ìgbà tí ìdérí bá ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ kò lè rí gáàsì tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ó há, ó sì ti pò mọ́ omi. Bí ẹ bá ṣí ìdérí, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni mágímà ń ṣe bó bá súnmọ́ ojú ilẹ̀ tí ẹrù orí rẹ̀ dín kù. Bó bá jẹ́ èyí tó ń ṣàn dáadáa, gáàsì á rọra yọ́ jáde, òkúta yíyọ́ náà á sì máa wọ́ lọ lórí ilẹ̀. Orúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà ni láfà. Bó bá jẹ́ èyí tó ki, gáàsì á há sínú rẹ̀ títí yóò fi fọ́ òkè náà sí wẹ́wẹ́, eérú á sì gun ojú ọ̀run. Ohun tó ń mú mágímà ki ni sílíkà, èròjà kan náà tó pọ̀ jù nínú iyanrìn.

Àwòrán tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Ohun tí àwọn ìwé kì í sábà sọ fún ọmọ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú mágímà kì í dé òkè rárá. Ó ń rẹ̀ ẹ́ lọ́nà. Ó ń dúró sí kìlómítà mélòó kan lábẹ́ ilẹ̀, á tutù níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, á sì dì. Gíránáìtì nìyẹn, gíránáìtì sì ni Olúmọ. Òun náà ni ọ̀pọ̀ orí òkúta tó yọ káàkiri Kẹmta àti Ìdí Abà.

Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Áfríkà bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ilẹ̀ àtijọ́ kan wà ní ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ tiwa wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, àwọn méjèèjì sì kọlu ara wọn. Àpá ìkọlù náà ṣì wà títí di òní. Òkè Atakora tó la Benin àti Togo kọjá jẹ́ ara rẹ̀. Nígbà náà, òkè gíga ló wà níbi tí àwa wà. Nísàlẹ̀ àwọn òkè wọ̀nyẹn, èèpo ilẹ̀ nípọn, ó gbóná, apá kan nínú rẹ̀ yọ́, mágímà náà gòkè díẹ̀, ó sì dúró. Òkúta tó ti dàgbà ju gíránáìtì lọ tún wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, èyí tí ooru àti ẹrù pò pọ̀ tí wọ́n sì lọ́ láìjẹ́ kó yọ́ tán. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa ìlà funfun àti ìlà dúdú tó ń lọ yíká lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí àpáta onílà bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ dúró wò ó: ibi tí òkúta ti fẹ́ yọ́ tán tí kò yọ́ tán lẹ ń wò.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí ẹ̀rí. Ẹ mú gíránáìtì kékeré kan níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, lára èyí tí tírélà ń kó wá láti kúwárì, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e síta nínú oòrùn. Ẹ ó rí i pé wóró-wóró ló kóra jọ. Èyí tó funfun tàbí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni feldspar. Èyí tó mọ́ gaara, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ni quartz. Èyí dúdú tó ń kọ mọ̀nà, tó sì ń ṣí ní pẹlẹbẹ bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ, ni mica. Wóró wọ̀nyí kò lè tóbi tó bẹ́ẹ̀ àfi tí òkúta bá tutù pẹ̀lú sùúrù, nítorí pé wóró kọ̀ọ̀kan nílò àkókò láti dàgbà kí gbogbo rẹ̀ tó dì. Láfà tó jáde síta ń tutù kíákíá, nítorí náà wóró tirẹ̀ kéré débi pé ojú kì í sábà rí wọn. Òkúta dúdú tó kúnná ni, básáàtì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kan gíránáìtì àti básáàtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín iná tó jáde àti iná tí kò jáde.

Báwo ni ohun tó dì sí kìlómítà mélòó kan lábẹ́ ilẹ̀ ṣe wá di ibi tí à ń sá láfún sí? Òjò ni, oòrùn ni, odò ni, àti ọdún tó pọ̀ ju èyí tí ọkàn lè gbà lọ. Wọ́n jẹ àwọn òkè àtijọ́ run, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ wọn lọ sínú òkun, títí gíránáìtì tó wà nísàlẹ̀ fi yọjú. Nígbà tí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ kúrò, gíránáìtì náà wú díẹ̀, ó sì sán ní ìpele-ìpele. Omi wọ ojú sísán náà. Feldspar inú rẹ̀ ń jẹrà di amọ̀ díẹ̀díẹ̀, irú amọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò fi ń mọ ìkòkò, quartz tí kì í jẹrà sì di iyanrìn. Ohun tó ṣẹ́kù ni àwọn òkúta rìbìtì ńlá tó jókòó lé ara wọn, pẹ̀lú àyè láàárín wọn. Nínú àyè bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá fara pamọ́ sí lábẹ́ Olúmọ lẹ́yìn tí Ṣódẹkẹ́, aṣáájú wọn, kó wọn dé ní 1830. Orí Olúmọ ga tó mítà 137 ju ìtẹ́jú òkun lọ, gbogbo ìyẹn sì jẹ́ ohun tí òjò kò tíì rí jẹ tán.

Èyí ni ìdáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ. Iná Olúmọ ti kú láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Kò sí mágímà lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Abẹ́òkúta jìnnà sí etí awẹ́ ilẹ̀, èèpo tó wà lábẹ́ wa ti dàgbà, ó nípọn, ó sì tutù. Ní oṣù September 2009, ilẹ̀ mì díẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn agbègbè tó súnmọ́ ọn, jìnnìjìnnì sì mú àwọn kan. Ilẹ̀ lè mì níbi tí àpáta àtijọ́ bá ti yẹ̀ díẹ̀ lójú sísán rẹ̀, láìsí iná kankan níbẹ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ nìkan kò tó láti fi hàn pé òkè kan fẹ́ yọ iná.

Bí a bá ń wá èyí tó ń yọ iná, kò yẹ ká kọ́kọ́ lọ sí Ítálì. Èmi kò fara mọ́ bí ìwé wa ṣe máa ń sáré lọ sí òkè Vesuvius níbẹ̀ nígbà tí Òkè Kamẹrúùnù wà nítòsí. Láti Abẹ́òkúta dé ibẹ̀, bí ẹyẹ bá fò tààrà, kò ju nǹkan bíi 700 kìlómítà lọ. Ó ga ju 4,000 mítà lọ, ó dìde láti etí òkun gẹ́lẹ́, ìlú Buea sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò mọ̀ pé abẹ́ ìjọba kan náà pẹ̀lú tiwa ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi Buea sí títí di 1960. Nígbà tí òkè náà yọ iná ní 1959, Nàìjíríà ni wọ́n ń bá ka agbègbè náà pọ̀ nínú ètò ìjọba. Àwọn ará ibẹ̀ ló dìbò ní February 1961 láti dara pọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù.

Òkè náà kò dá wà. Ó wà lórí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ láti inú òkun Àtìláńtíìkì, láti erékùṣù Annobón, gba São Tomé, Príncipe àti Bioko kọjá, gun orí ilẹ̀ ní Òkè Kamẹrúùnù, tó sì lọ sí àríwá ìlà oòrùn títí ẹ̀ka rẹ̀ fi kan òkè Biu ní ìpínlẹ̀ Bornó. Iná ló mọ gbogbo wọn. Wọn kò sí ní etí awẹ́ ilẹ̀, ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ṣì máa jiyàn lórí ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́ka sí ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ láti ìgbà tí Áfríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti ya ara wọn, ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn.

Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Òkè Kamẹrúùnù ti yọ iná ní 1922, 1954, 1959, 1982, 1999, 2000 àti 2012. Ti 1922, láfà rẹ̀ wọ́ títí ó fi bọ́ sínú òkun. Ti 1999 ni ọ̀pọ̀ ṣì ń rántí. Ìparí oṣù March ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ilé fọ́ ní Buea, ẹ̀gbẹ́ òkè là, láfà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ gba inú igbó. Ó dé Bakingili, ó gé ọ̀nà tó lọ láti Limbe sí Idenau, ó wá dúró nígbà tí òkun kò jìnnà sí i mọ́. Láfà náà lọ́ra, nítorí náà àwọn ènìyàn ráyè kó ẹrù wọn kúrò lọ́nà rẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn lónìí á rí òkúta dúdú rẹgẹdẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí koríko àti igi kéékèèké ti ń hù lára rẹ̀. Básáàtì tó kéré lọ́jọ́ orí ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí tó ń ka àròkọ yìí lọ ni.

Koríko tó ń hù yẹn ni ìdí tí àwọn ènìyàn kì í fi sá kúrò. Básáàtì àti eérú kún fún èròjà tí irúgbìn ń fẹ́, òjò sì ń tètè fọ́ wọn di ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá. Òjò kò sì wọ́n níbẹ̀: Debundscha, ní ẹsẹ̀ òkè náà létí òkun, wà lára àwọn ibi tí òjò ń rọ̀ jù ní gbogbo ayé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ, rọ́bà àti tíì ń ṣe dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà. Àwa náà ní irú ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Lórí òkè Jọ́ọ̀sì, ní agbègbè Kerang àti Panyam, òkè ayọnáyèéfín kéékèèké tí iná wọn ti kú wà níbẹ̀ pẹ̀lú kòtò lórí wọn, pòtétò tí a ń rà lọ́jà wa sì pọ̀ lórí òkè Jọ́ọ̀sì yẹn. Ní Biu, adágún Tilla wà nínú ẹnu òkè tó ti yọ iná rí.

Ohun tí òkè ayọnáyèéfín ń ṣe kì í dúró sí ẹsẹ̀ òkè nìkan. Ní April 2010, òkè kan ní Iceland tó ń jẹ́ Eyjafjallajökull yọ iná lábẹ́ yìnyín, eérú rẹ̀ sì bo ojú ọ̀run Yúróòpù. Eérú yìí kì í ṣe irú ti ìdáná. Òkúta tó lọ̀ kúnná ni, ó sì lè yọ́ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì bàálù kí ẹ́ńjìnnì náà kú lójú òfuurufú. Wọ́n ti ojú ọ̀run pa fún bí ọjọ́ mẹ́fà. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fẹ́ wálé wà lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò rí bàálù wọ̀, nítorí òkè kan tí ọ̀pọ̀ wọn kò lè pe orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Pinatubo bú ní Filipínì ní June 1991, gáàsì imí ọjọ́ tó tú jáde ga dé ibi tí òjò kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ó di ìkùukùu tín-ín-rín tó tàn yí ayé ká, ó sì ń dá díẹ̀ nínú ìtànṣán oòrùn padà. Gbogbo ayé tutù ní ìwọ̀n bí ìdajì digirí kan fún nǹkan bí ọdún kan sí méjì. Ìdajì digirí lè dà bí ohun kékeré létí, àmọ́ ẹ rò ó wò pé òkè kan ṣoṣo ló ṣe é. Bí a bá sì padà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ayé, èyí tó pọ̀ nínú omi òkun àti afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ tó yí ayé ká, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti bá mágímà jáde.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ìtàn kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfríkà mọ̀, ti adágún Nyos ni. Adágún náà wà ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Kamẹrúùnù, kò jìnnà sí ààlà Nàìjíríà, ó sì wà lórí ìlà kan náà tí mo sọ lókè. Ẹnu òkè ayọnáyèéfín ni, omi ló kún inú rẹ̀, ó jìn ju mítà 200 lọ. Ó rẹwà, ó dákẹ́. Láfà kankan kò jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì carbon dioxide ń ti inú ilẹ̀ yọ́ wá sí ìsàlẹ̀ omi náà, ọdún dé ọdún, ó sì ń pò mọ́ omi níbẹ̀. Omi mítà 200 tó wà lórí rẹ̀ ló dé e mọ́lẹ̀. Ẹ ti mọ irú ìgò tí èyí jẹ́.

Ní alẹ́ Thursday, ọjọ́ 21 oṣù August 1986, ìgò náà ṣí. Nǹkan kan da omi ìsàlẹ̀ rú, ó lè jẹ́ àpáta tó wó sínú adágún. Omi tó kún fún gáàsì gòkè díẹ̀, ẹrù orí rẹ̀ dín kù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, híhó náà sì ń fa èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gòkè. Gáàsì náà tú jáde. Carbon dioxide wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kò gòkè. Ó ṣàn kọjá etí adágún, ó sì gba àfonífojì lọ sí àwọn abúlé tí àwọn ènìyàn ti jẹun alẹ́, tí àwọn mìíràn ti sùn. Ó lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí kúrò nílẹ̀. Àwọn tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 25 sí adágún náà pàápàá kú. Ènìyàn tó lé ní 1,700 ni, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù. Ilé kò jó, igi kò wó. Àwọn tí ilé wọn wà lórí òkè yè, àwọn mìíràn tó wà nísàlẹ̀ sì dákú fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó jí láàárín àwọn ẹbí wọn tó ti kú. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, ní August 1984, irú rẹ̀ ti pa ènìyàn 37 ní adágún Monoun ní orílẹ̀-èdè kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tàn dé ibi tó yẹ kó dé.

Ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe lẹ́yìn rẹ̀ mú mi lórí wú. Bí gáàsì tó há bá ni ewu, ẹ jẹ́ kó máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ní 2001, wọ́n ri páìpù kan láti orí omi dé ìsàlẹ̀ adágún. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi fa omi gòkè nínú rẹ̀. Nígbà tí omi ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, gáàsì inú rẹ̀ hó, híhó náà ń gbé omi mìíràn bọ̀, wọ́n sì pa ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta sókè fúnra rẹ̀, ó tó ogójì mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà, láìsí iná mànàmáná, láìsí dísẹ́ẹ̀lì. Ohun tó ń pa ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ní 2011, wọ́n fi páìpù méjì kún un, gáàsì inú adágún náà sì ti dín kù gan-an.

Ewu kejì wà níbẹ̀ tó kan Nàìjíríà tààrà. Ògiri tó dá omi adágún náà dúró ní àríwá jẹ́ eérú òkè ayọnáyèéfín tó dì, kò le tó gíránáìtì rárá, omi sì ń jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ti wáyé láti fún un lókun. Bí ògiri bẹ́ẹ̀ bá ya, omi tó bá tú jáde yóò gba àwọn odò kéékèèké wọ Katsina-Ala, Katsina-Ala wọ ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì já sínú odò Bénúè. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbé létí odò ní Tàràbà àti Bénúè fi ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ ògiri yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mìíràn ló wà.